Ìdí Tí Sítíárì Ìjàpá Yín Fi Fúyẹ́

Dádì mi,

Ẹ kú ilé o, bí ibi tí ẹ wà yẹn bá ṣe é pè ní ilé. Èmi ni, ọmọ yín tó ń gbé Yábàá. Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ràn kí èèyàn máa kí yín títí kó tó débi ọ̀rọ̀, torí náà màá sọ ọ́ kíá. A ṣe ìrántí ọdún kan yín lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá. Gbogbo èèyàn ló sunkún àfi èmi. Láti ọjọ́ tí a ti sin yín ni mi ò ti sunkún, Dádì. Mo ń jí, mo ń wẹ̀, mo ń lọ síbi iṣẹ́, mo ń jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, mo ń dáhùn tí àwọn èèyàn bá pè mí. Ṣùgbọ́n inú mi dà bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé títí tó fi kú. Ó wà níbẹ̀, mo ń rí i, mi ò kàn mọ̀ ọ́n lára ni. Àwọn kan ní ọkàn mi le. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni.

Mọ́mì wà dáadáa. Orúnkún máa ń dà wọ́n láàmú tí òjò bá fẹ́ rọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń jókòó sí bàràńdà lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, wọ́n sì ṣì ń gbé àga yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn. Tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ jókòó síbẹ̀, wọ́n á ní kó lọ gbé àga míì wá. Ológbò aládùúgbò wa nìkan ni wọ́n ń gbà láàyè. Ṣé ẹ rántí ológbò yẹn, tí ẹ máa ń lé kúrò lórí Ìjàpá, mọ́tò àtijọ́ yín? Àga yín ló ń sùn sí báyìí.

Ọ̀rọ̀ Ìjàpá náà gan-an ni mo ní bá yín sọ.

Lẹ́yìn tí ẹ lọ, a fi tapólì bò ó síbi tí ẹ páàkì rẹ̀ sí. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Tí mo bá wá sí Sùúrùlérè láti wo Mọ́mì, màá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, màá rí táyà rẹ̀ tó yọ jáde lábẹ́ tapólì, màá sì wọlé lọ. Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń fi síńgílẹ́ẹ̀tì yín tó ti gbó fọ̀ ọ́ láràárọ̀ Sátidé, torí ẹ ní kànrìnkàn á ha ọ̀dà rẹ̀. Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń fọwọ́ gbá a lórí pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ kí ẹ tó wọlé. Mo tún rántí apá òsì yín. Ní àwọn ọdún tó gbẹ̀yìn, ẹ ò lè wa mọ́tò yẹn láìgbé apá òsì yín sójú fèrèsé, ọwọ́ ọ̀tún nìkan lórí sítíárì, ojú yín á wá máa wo ọ̀nà bíi ti ọmọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra mọ́tò àkọ́kọ́. Mo máa ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Mo máa ń ní ẹ wo bàbá arúgbó yìí tó ń ṣe fáàrí káàkiri Ojú Ẹlẹ́gbà. Ẹ máa ń rẹ́rìn-ín, ẹ ò sì ní gbé apá náà wálé.

Ta ló tó bẹ́ẹ̀ láti bá yín jiyàn lórí mọ́tò nígbà náà? Nínú ẹgbẹ́ onímọ́tò àtijọ́ yín, ẹ̀yin lọ̀gá àwọn tó gbà pé orijíná nìkan ló dáa. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu yín. Mọ́tò tí wọ́n bá ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, tí wọ́n fi táyà ńlá sí lábẹ́, tí wọ́n gbé ìjókòó tuntun sínú rẹ̀, ẹ ní kì í ṣe mọ́tò àtijọ́ mọ́, ẹ ní òkú tí wọ́n gbé aṣọ ẹlòmíì wọ̀ ni. Ẹ̀yin lẹ ṣe é lófin pé tí ẹgbẹ́ bá ń jáde, orijíná ló máa ṣáájú, kí gbogbo mọ́tò tí wọ́n bá ti tún dá lọ tò sẹ́yìn pátápátá. Ẹ̀yin náà lẹ tún ṣe é lófin pé tí ọmọ ẹgbẹ́ bá kú, mọ́tò olóògbé ló máa ṣáájú lọ́jọ́ ìrántí, tí kò bá sì tíì ṣí, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí. Gbogbo ẹgbẹ́ ló pàtẹ́wọ́ fún yín. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, mo ń gbé ife omi kiri.

Ẹ rántí Bọ̀dá Múfú náà. Mo mọ̀ pé ẹ rántí. Réwáyà yín tó ń tún iná mọ́tò ṣe ní Múṣín, tí ẹ jọ ń gbé yàrá kan náà kí ẹ tó fẹ́ Mọ́mì. Wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì tuntun sínú mọ́tò pupa wọn, wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù sí i, torí wọ́n ní mọ́tò táwọn á máa wà lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ làwọn fẹ́, àwọn ò fẹ́ èyí táwọn á kàn máa fọ̀. Kí wọ́n lọ tò sẹ́yìn ò tó yín. Ẹ dìde nípàdé, ẹ ní kí wọ́n yọ orúkọ wọn kúrò nínú ẹgbẹ́ pátápátá, wọ́n sì yọ ọ́. Lọ́dún yẹn, ẹran Iléyá ò wá láti ilé Bọ̀dá Múfú. Ẹ jókòó sí bàràńdà, ẹ ń wo géètì títí ilẹ̀ fi ń ṣú lọ. Mọ́mì gbé abọ́ ńlá tí wọ́n ti gbé síta dè é padà wọlé.

Nǹkan kan tún wà tí ẹ ò mọ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ ṣubú, dókítà tó gbà yín bi wá pé ìgbà wo ni ìkọlù rọpárọsẹ̀ àkọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. A ní kò sí àkọ́kọ́. Ó wò wá, ó tún bi wá. Mo dá a lóhùn pé Dádì mi ò ṣàìsàn rí, mọ́tò ni wọ́n ń wà kiri Sùúrùlérè. Mọ́mì ń wo ilẹ̀. Mo rò pé ẹ̀rù ló ń bà wọ́n.

Nígbà tí ọdún kan ń pé lọ, Alàgbà Fádípẹ̀ wá sílé. Àwọn ni alága ẹgbẹ́ lẹ́yìn yín. Wọ́n sọ fún Mọ́mì pé ẹgbẹ́ ń bọ̀ wá ṣe ìrántí, pé àṣà ò yẹ̀. Kí a tó gbéra, àgbà ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á wa Ìjàpá yín láti òpó iná kan dé ìkejì, kí ọwọ́ wọn lè kí i pé ó dìgbà. Lẹ́yìn náà ni èmi máa wà á ṣáájú gbogbo wọn lọ sí ibojì yín ní Yábàá. Wọ́n ní kí n tọ́jú rẹ̀ sílẹ̀.

Mo ra bátìrì, mo pe mẹkáníìkì kan. Ìjàpá tú èéfín dúdú, ó sì ṣiṣẹ́. Mo wọlé jókòó. Ṣé ẹ rántí ìgbà tí ẹ ń kọ́ mi ní mọ́tò ní pápá ilé ìwé yẹn? Sítíárì yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ mí léjìká. Tí mọ́tò bá dúró, ọwọ́ méjèèjì ni mo fi ń fà á, màá dìde lórí ìjókòó, ẹ̀yin á wá máa sọ pé kí n má bẹ̀ ẹ́, kí n pàṣẹ fún un. Torí náà mo fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, mo múra sí i, mo fà á. Ó yí bí ìdérí ìkòkò. Díẹ̀ ló kù kí n kọlu ògiri géètì.

Mo rò pé nǹkan ti já lábẹ́ rẹ̀. Mẹkáníìkì ki orí bọ abẹ́ ibi tí sítíárì ti wọlé, ó pẹ́ níbẹ̀, nígbà tó máa yọrí, ẹ̀rín ló ń rín. Ó ní bàbá yìí gbọ́n o. Ó ní ẹ̀rọ kékeré oníná kan ni wọ́n yọ lára ọkọ̀ tuntun tí wọ́n tọ́jú síbẹ̀, tó ń bá ọwọ́ èèyàn yí sítíárì, pé téèyàn ò bá wọ abẹ́ ibẹ̀ kò lè rí i. Mo wọ abẹ́ ibẹ̀. Mo rí wáyà tí wọ́n fi aṣọ pupa tẹ́ẹ́rẹ́ dì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó ń di wáyà báyẹn.

Mo lọ sí Múṣín. Bọ̀dá Múfú ti hu ewú. Bí wọ́n ṣe rí mi ni wọ́n ti ṣí fìlà, wọn ò tiẹ̀ bi mí ohun tí mo wá ṣe. Wọ́n ní ẹ wá bá àwọn láàárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí ẹ ti yọ orúkọ àwọn. Ẹ ò kí wọn dáadáa. Ẹ kàn fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ọwọ́ òsì yín lé tábìlì wọn bí ẹni gbé ẹrù kalẹ̀, ẹ ní kí wọ́n wò ó. Wọ́n fún un léèékánná, ẹ ò mira. Ẹ sọ fún wọn pé ní Kọ́stéènì, ẹ fẹ́ yà, sítíárì ò yí. Ọwọ́ ọ̀tún wà lórí jíà, òsì ò lè dì í mú. Ẹ jókòó sínú Ìjàpá láàárín títì, gbogbo èèyàn ń fọn fèrè lé yín lórí, wọ́n ń bú yín, títí ẹnì kan fi bá yín tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ẹ ní ẹ ò lè fi mọ́tò sílẹ̀, kí Bọ̀dá Múfú wá nǹkan ṣe sí i, kí ẹnikẹ́ni má rí i.

Wọ́n ní àwọn rẹ́rìn-ín lákọ̀ọ́kọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n wo ojú yín, wọ́n lọ kó irinṣẹ́. Wọn ò ní kí ẹ dá orúkọ àwọn padà, ẹ̀yin náà ò sì sọ pé ẹ máa dá a padà. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ẹ lọ sípàdé, ẹ tún sọ̀rọ̀ orijíná tẹnutẹnu. Ẹnì kan lọ sọ fún Bọ̀dá Múfú. Wọ́n ní ṣebí ẹ̀yin náà nìyẹn, ṣé kí ẹ di ẹlòmíì ni?

Mo dúró kí inú bí mi. Inú ò bí mi. Mo dúró kí àánú yín ṣe mí, ìyẹn náà ò wá. Mo kàn ń wo ṣọ́ọ̀bù wọn, mo ń ka orúkọ ara àwọn agolo òróró. Bọ̀dá Múfú wọ ẹ̀yìn lọ, wọ́n gbé nǹkan gígùn kan wá nínú àpò sìmẹ́ńtì. Irin sítíárì àtijọ́ yín ni. Wọ́n ti fi òróró pa á, kò dípẹtà rárá. Wọ́n ní iṣẹ́ àárọ̀ ọjọ́ kan ni láti dá a padà, pé tí ọwọ́ àwọn àgbà bá kan sítíárì, kò sẹ́ni tó máa mọ̀, orúkọ yín á wà bó ṣe wà. Wọ́n ní ọwọ́ mi ló kù sí. Mo ní màá pè wọ́n.

Nígbà tí mo délé, mo bi Mọ́mì. Wọ́n bi mí pé ta ni mo rò pé ó ń bá yín de bọ́tìnnì ẹ̀wù yín. Mo ti rí wọn, Dádì. Láràárọ̀ ni mo ń rí wọn nígbà tí mo bá sùn síbẹ̀, tí wọ́n á dúró síwájú yín ní pálọ̀, tí wọ́n á máa de é láti òkè wá sísàlẹ̀. Mo rò pé ìfẹ́ àwọn arúgbó ni. Bóyá òun náà ni.

Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Ṣebí Yábàá ni mo wà, kò jìnnà. Ṣé torí pé mi ò bá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ yín ni? Mi ò bá gbà á lóòótọ́. Mi ò bá gbà á, mi ò bá mú yín lọ rí dókítà, ẹ ò bá sì ti máa bínú sí mi dòní, ṣùgbọ́n ẹ ò bá wà níbí láti máa bínú. Ṣé ẹ rò ó dé ibẹ̀ rárá?

Mi ò pe Bọ̀dá Múfú. Kì í ṣe pé mo láyà. Mi ò kàn lè gbé fóònù ni. Bẹ́ẹ̀ ni Sátidé ṣe dé, tí sítíárì ṣì fúyẹ́.

Wọ́n to mọ́tò sójú títì wa, gbogbo wọn kọjú sọ́nà Kọ́stéènì, wọ́n ń dán yanran. Àwọn aládùúgbò jáde sí bàràńdà òkè, wọ́n ń ya fọ́tò. Ìjàpá yín ló ṣáájú, orijíná tẹ̀ lé e, àwọn ọ̀dọ́ tó fi ẹ́ńjìnnì aláriwo sí tiwọn wà lẹ́yìn. Lẹ́yìn gbogbo wọn ni mo rí mọ́tò pupa kan. Kò sẹ́ni tó pe Bọ̀dá Múfú. Wọ́n ti gíláàsì, wọ́n jókòó sínú atẹ́gùn tútù wọn.

Alàgbà Fádípẹ̀ ló kọ́kọ́ gba kọ́kọ́rọ́. Wọ́n wà á díẹ̀, wọ́n yí sítíárì láti yẹra fún kòtò kan, mo sì rí i tí èjìká wọn dúró gbagidi. Wọn ò dé òpó kejì. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọn ò fún Akọ̀wé ẹgbẹ́ tó kàn ní kọ́kọ́rọ́. Wọ́n fà mí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n fi ohùn jẹ́jẹ́ bi mí pé ìgbà wo ni mo ṣe é. Kí n tó lanu, wọ́n ti ń bá mi wá ọ̀rọ̀ sọ. Wọ́n ní ọmọdé ò mọ̀, pé ó lè jẹ́ pé sítíárì wúwo fún ọwọ́ obìnrin ni mo ṣe tún un ṣe, pé àwọn á ṣàlàyé fún ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ á kùn díẹ̀, wọ́n á gbójú fò ó fún ọjọ́ kan, Ìjàpá á ṣáájú, kò sì ní sẹ́ni tó máa fẹnu kan Bàbá mi. Kí n ṣáà ti mi orí. Òógùn ń bọ́ lójú wọn. Wọ́n fẹ́ràn yín, Dádì. Mo rò pé ohun tí ó jẹ́ nìyẹn.

Mo ní rárá. Mo ní apá òsì Dádì mi ti kú tipẹ́, Bọ̀dá Múfú ló bá wọn ṣe é kí wọ́n lè máa wa mọ́tò. Mi ò pariwo, ṣùgbọ́n ojú títì ti dákẹ́, gbogbo wọn gbọ́. Akọ̀wé ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, òfin ni òfin. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà, Dádì mi ló ṣe òfin náà. Mo gba kọ́kọ́rọ́, mo gbá Ìjàpá lórí, mo wà á kọjá lára gbogbo wọn lọ sẹ́yìn, mo sì páàkì rẹ̀ sẹ́yìn Bọ̀dá Múfú.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Akọ̀wé ní ó yá, kí ẹni tó kù níwájú máa lọ. Kò sẹ́ni tó ṣí. Ta ló fẹ́ ṣáájú olóògbé? Mọ́tò tí wọ́n tún ṣe gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn, mọ́tò olóògbé gbọ́dọ̀ ṣáájú, ẹ̀yin lẹ ṣe méjèèjì, ẹ ò rò ó rí pé wọ́n lè pàdé sára mọ́tò kan. Àwọn kan ń jiyàn, àwọn kan ní káwọn máa lọ sílé. Alàgbà Fádípẹ̀ dúró láàárín títì, wọ́n ń wo imú bàtà wọn. Nígbà tó yá, wọ́n wọ inú mọ́tò gígùn aláwọ̀ ewé wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yí i padà.

Ẹ mọ bí títì wa ṣe tóóró tó, gọ́tà lọ́tùn-ún, gọ́tà lósì. Alàgbà di sítíárì mú lọ́wọ́ méjèèjì, wọ́n dìde lórí ìjókòó, wọ́n fà á, iṣan ọrùn wọn le. Síwájú díẹ̀, sẹ́yìn díẹ̀. Ẹni tó tẹ̀ lé wọn náà bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà gbogbo wọn, àwọn bàbá arúgbó pẹ̀lú orijíná wọn, tí kò sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀ tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́, wọ́n ń mí hẹlẹ, wọ́n ń nu òógùn, wọ́n ń fa sítíárì. Akọ̀wé káwọ́ gbera. Nígbà tó ku àwọn nìkan, wọ́n pòṣé, wọ́n wọ inú tiwọn. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣe tán, Ojú Ẹlẹ́gbà ni gbogbo mọ́tò kọjú sí, ẹ̀yìn ti di iwájú.

Èmi náà yí tèmi. Ọwọ́ kan ni mo fi yí i, Dádì. Mo ń wo Alàgbà tí ọwọ́ méjèèjì ò tó, mo sì rí yín ní Kọ́stéènì. Mo rí yín kedere, ẹ̀yin nìkan, tí àwọn èèyàn ń fọn fèrè lé yín lórí, tí ẹ ń fi ọwọ́ kan fa nǹkan yẹn. Ṣé ẹ mọ bí ẹsẹ̀ tó kú ṣe máa ń ta èèyàn tó bá ń jí? Ó bẹ̀rẹ̀ láti àyà mi, ó sì ń lọ sí gbogbo ara. Mi ò sunkún. Ó kàn ń ta mí, kò sì tíì dáwọ́ dúró títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

A dé ibojì yín, a gbàdúrà, ẹ ti mọ ìyẹn. Bọ̀dá Múfú dúró lápá ibi ẹsẹ̀ yín. Mo ti ní kí wọ́n máa bá wa tọ́jú irin yẹn síbi tó wà. Mọ́mì ti ń béèrè ọjọ́ tí Iléyá máa bọ́ sí, wọ́n ti fọ abọ́ ńlá yẹn, wọ́n ti dojú rẹ̀ dé sórí tábìlì.

Ó ku ẹyọ kan tí mo fò. Nígbà tí a ń jáde ní títì wa, tí Ìjàpá ṣáájú, mo gbé apá òsì mi sójú fèrèsé. Ara mi ló gbé e síbẹ̀, mi ò rò ó. Obìnrin kan lórí bàràńdà òkè rẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí mi, ó ń sọ fún ẹnì kejì rẹ̀ pé kó wo bí eléyìí ṣe ń ṣe fáàrí lọ́jọ́ ìrántí bàbá rẹ̀. Mo gbọ́ ọ dáadáa. Mi ò gbé e wálé.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kọ́kọ́rọ́ yín wà lọ́wọ́ rẹ̀.